Ilé ìwé tó le gan-an gba ọmọ mi wọlé: ṣé kí n mú un lọ àbí kí n jáwọ́?

Màmá Bọ́lá, Ìgbógbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ san owó.

Bọ́lá mi ti pé ọmọ ọdún 10, ó wà ní Pámárì 6 ní ilé ìwé kékeré kan níbí ní Ìgbógbó. Ipò kejì tàbí ìkẹta ló sábà máa ń gbà. Bàbá rẹ̀ mú un lọ ṣe ìdánwò ìwọlé ní ilé ìwé kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù, téèyàn bá ti kọjá Odógúnyán. N kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ yín á ti mọ irú ilé ìwé tí mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń kọ "100% ní WAEC" sára pátákó gàgàrà. Wọ́n gba ọmọ wọlé, wọ́n tún bá wa yọ díẹ̀ nínú owó torí pé ó ṣe dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì. Inú wa ń dùn títí wọ́n fi kó ìwé òfin wọn lé wa lọ́wọ́.

Ọmọ tí máàkì rẹ̀ lápapọ̀ kò bá tó 60 nínú 100 lópin ọdún kò ní gòkè. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní kí òbí wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń wọlé, lẹ́sìnnì sì wà títí di aago márùn-ún. Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n á lẹ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì mọ́ ògiri, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni ìkẹyìn.

Bàbá rẹ̀ ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn. Èmi lọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ yìí lọ́pọlọ, àmọ́ kì í yára. Tó bá ṣi ìlà kan kọ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo ojú ewé yẹn ló máa pa rẹ́, á sì tún un kọ látòkè. Ìwé ìṣirò rẹ̀ wà níwájú mi báyìí, írésà ti lu ewé mẹ́ta níbẹ̀ já. Ó gba 17 nínú 20, ó sunkún débi pé kò jẹun alẹ́. Ẹni tó ń sunkún lórí 17, tó bá lọ bá orúkọ ara rẹ̀ ní ipò 28 lára ògiri ńkọ́?

Wọ́n ní ká dáhùn kí oṣù yìí tó parí.

Ọmọ Èbútè

Ẹ san owó yẹn kíá kí wọ́n má fún ẹlòmíì láyè náà. Ilé ìwé tó bá ń gbé gbogbo ọmọ gòkè ni kẹ́ ẹ sá fún.

Alhaja Ìta-Ẹlẹ́wà

Màmá Bọ́lá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Mo ní méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èyí ọkùnrin, ẹjọ́ rẹ̀ ò tán ní ilé ìwé tó wà tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ni tíṣà ń pè mí pé ó ń yọ ọmọ ẹlòmíì lẹ́nu. Ìgbà tí mo lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì ni mo rí i pé ó ti parí ìṣirò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ sójú pátákó, kò sì sí ohun tó máa ṣe mọ́, ló bá ń fi bírò gún ẹ̀yìn ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwé líle, irú èyí tẹ́ ẹ ń sọ yìí. Wàhálà tán. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó tó o. Ó ti wà ní SS2 báyìí. Ipò kẹtàlá ló gbà ní táàmù tó kọjá, ó ń fò káàkiri ilé, kò kàn án.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ò lọ síbẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, mi ò tiẹ̀ gba fọ́ọ̀mù fún un. Ó wà ní ilé ìwé kan ní Sábó tó wà láàárín, kò le jù, kò sì rọ̀ jù. Tí wọ́n bá jágbe mọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí fún ọjọ́ náà. Ẹ wo ọmọ tiyín dáadáa, ẹ má wo ti aládùúgbò.

Tíṣà Agric

Màmá, mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé aládàáni tó ju ẹyọ kan lọ ní Ìkòròdú yìí. Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń rí 100% tó wà lára pátákó yẹn.

Tí mo bá ní ọgọ́ta ọmọ ní JSS1, tí mo ń yọ àwọn tí ò tó 60 kúrò lọ́dọọdún, tó bá fi máa di SS3, àwọn tó kù á yege ní WAEC bí èmi ò tiẹ̀ kọ́ wọn ní ohunkóhun. Àwọn tó lọ náà ṣe WAEC, àmọ́ ilé ìwé mìíràn ni wọ́n ti ṣe é, orúkọ wọn ò sí lára pátákó yẹn. Àwọn kan wà tí wọn kì í lé ọmọ, tó bá ti di SS2 wọ́n á rọra sọ fún òbí pé kó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún WAEC ní ibòmíì. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa sọ fún.

Ẹ tún wo 60 yẹn. Ní WAEC, C6 ni kírẹ́dítì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ìwé wa sì ń ka 50 sí C6. Kírẹ́dítì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ní yunifásítì ń béèrè. Ọmọ tó bá gba 58 ní gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó tún kíláàsì ṣe níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé máàkì tó gbà yẹn tó kírẹ́dítì. Mi ò sọ pé kò dáa kí ilé ìwé fẹ́ ohun tó ga. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó gba 58 kí ọdún tó parí ni mo fẹ́ mọ̀.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ má béèrè ẹni tó gba ipò kìíní. Ìyẹn á mọ̀wé níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé e sí. Ẹ béèrè pé àwọn mélòó ló ṣẹ́kù sí SS3 lọ́dún yìí nínú àwọn tí wọ́n jọ wọ JSS1, kí ẹ sì béèrè ibi tí àwọn tó kù lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ọmọ tó wà nísàlẹ̀ kíláàsì hàn yín, kí wọ́n fi ọwọ́ bo orúkọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé tíṣà ń kọ ibi tí ọmọ ti ṣì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ara yín á balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ àmì pupa àti "Ṣé o ti ya wèrè ni?" lẹ bá níbẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé.

Bàbá Ìbejì

Tíṣà, ẹ̀yin lẹ̀ ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́. Gbogbo nǹkan ni wàhálà fún ọmọ òde òní. Wọ́n nà wá nígbà tiwa, wọ́n ní ká kúnlẹ̀ sójú oòrùn, a ṣì mọ ìwé. Ìdíje tó wà níta kò mọ ọmọ tó máa ń sunkún. JAMB ò ní bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. 400 ni máàkì gbogbo, ẹni tó bá sì ń wá Ìmọ̀ Ìṣègùn á mọ̀ pé 200 ò lè gbé òun débi kankan. Níbo ló ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jìjàkadì bí kò bá kọ́ ọ ní kékeré?

Tíṣà Agric

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mi ò bá yín jiyàn lórí ìdíje. Ẹ kàn bá mi ka àwọn tí ẹ jọ kúnlẹ̀ sójú oòrùn nígbà náà, kí ẹ sọ iye tó dé yunifásítì nínú wọn.

Bàbá Ìbejì

Ẹ ti tún dé.

Ọmọ Sábó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lọ irú ilé ìwé yẹn sọ̀rọ̀. Èmi lọ ọ́, bọ́díìnì ni, kì í ṣe ní Ìkòròdú. Mo ti wà ní LASUSTECH báyìí, tí ẹ̀yin ṣì ń pè ní Poly.

Ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ ipò mọ́ ògiri, àwa tó wà láàárín kì í lọ wò ó lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn prep, ìyẹn ìkàwé alẹ́, la máa ń lọ, nígbà tí ibẹ̀ bá ti dá. Ẹni tí ibùsùn wa wà nítòsí ara wa máa ń fi ọwọ́ bo ìwé náà, á máa wò ó látìsàlẹ̀ lọ sókè, ìlà kọ̀ọ̀kan, kó tó dórí orúkọ ara rẹ̀. Ó mọ̀wé o. Ní ilé ìwé mìíràn ìpò karùn-ún ni yóò máa gbà. Lọ́dọ̀ wa, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni. Nígbà tá a fi dé SS1, kì í nawọ́ ní kíláàsì mọ́ bó bá tiẹ̀ mọ ìdáhùn.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Bí mo ṣe ń jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì láì gbé fóònù, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn kan nínú kíláàsì mi ní yunifásítì ò lè ṣe é. Olùkọ́ Kẹ́mísírì kan wà tó máa ń jókòó pẹ̀lú wa ní prep láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Tí kò bá sí ọkùnrin yẹn ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá sọ níbí.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀

Aago mélòó ni ọkọ̀ ilé ìwé máa ń gbé ọmọ ní Ìgbógbó?

Màmá Bọ́lá, Ìgbógbó

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa kó àwọn tó kù ní Gáréèjì, Sábó, títí dé Odógúnyán. Bí wọ́n bá jáde lẹ́sìnnì ní aago márùn-ún, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá le jù, á tó aago mẹ́fà ààbọ̀ kó tó délé.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, màmá. Kó lè bá ọkọ̀ yẹn, á jí ní aago márùn-ún. Ó délé ní mẹ́fà ààbọ̀, ó wẹ̀, ó jẹun, ó di aago mẹ́jọ. Iṣẹ́ àṣetiléwá ilé ìwé líle ò lè dín ní wákàtí kan ààbọ̀, pàápàá fún ọmọ tó ń pa gbogbo ojú ewé rẹ́. Aago mẹ́wàá ló máa sùn bí kò bá sí ìṣòro. Wákàtí méje nìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 2016 ni wákàtí 9 sí 12 fún ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 8 sí 10 fún ọmọ ọdún 13 sí 18. Wákàtí méjì ni gbèsè oorun rẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ohunkóhun.

Ní kílíníkì, mo máa ń rí wọn. Orí fífọ́, inú rírun ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ibà. Sátidé dé, ara ọmọ yá.

Alhaja Ìta-Ẹlẹ́wà

Hẹ̀n! Inú rírun ọjọ́ Mọ́ńdè! Ẹ ti bá mi sọ ọ́.

Ọmọ Èbútè

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, kí wọ́n fi sí bọ́díìnì.

Olùdámọ̀ràn Ìmọ̀tà

Ọmọ Èbútè, ẹ rọra. Bọ́díìnì ò ní yanjú ohun tí ìyá ọmọ sọ. Ó kàn máa gbé e kúrò níbi tí ìyá rẹ̀ ti lè rí i ni.

Iṣẹ́ gbígba àwọn ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn ni mò ń ṣe. Ohun tí Ọmọ Sábó sọ nípa ẹni tí kò nawọ́ mọ́ yẹn, wọ́n ti ṣe ìwádìí lé e lórí. Herbert Marsh, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Australia, gbé e jáde ní 1987 pé bí làákàyè ọmọ méjì bá dọ́gba, èyí tí wọ́n fi sáàárín àwọn tó mọ̀wé gan-an á máa fojú kéré ara rẹ̀ nínú ìwé ju èkejì tó wà láàárín ẹgbẹ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti wò ó ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má mú ọmọ lọ o. Ọmọ Alhaja ò kọ ipò kẹtàlá sí, ó lè gbà á. Bọ́lá, ní báyìí, 17 ti ń pa á lẹ́kún.

Ìyẹn gan-an lẹ máa kọ́kọ́ mú, ilé ìwé yòówù kó lọ. Ẹ má jẹ́ kó fi pẹ́ńsù ṣe iṣẹ́ ilé mọ́, ẹ fún un ní bírò. Tó bá ṣì í, kó fa ìlà kan sí i, kó máa lọ. Á bínú lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ má bá a ṣe é.

Ẹnì kan wà tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ látàárọ̀. Kí ni Bọ́lá fúnra rẹ̀ sọ? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ bi í nígbà tí bàbá rẹ̀ ò sí nítòsí, kí ẹ tún bi í nígbà tí ẹ̀yin ò sí níbẹ̀.

Kì í tún ṣe ilé ìwé yìí nìkan ló wà. Ìdánwò ìwọlé Model College ti ìpínlẹ̀ Èkó wà, ti Igbókùta ló sún mọ́ wa. Common Entrance ti ìjọba àpapọ̀ tí NECO ń ṣe náà wà, FGGC Ṣàgámù, ilé ìwé obìnrin ti ìjọba àpapọ̀, ò sì jìnnà. Ibẹ̀ náà ò rọrùn láti wọ̀, àmọ́ kó ṣe ìdánwò náà, kẹ́ ẹ ní ohun méjì mẹ́ta lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan.

Bàbá Ìbejì

Ẹ jẹ́ n béèrè ohun kan tí kò kan máàkì. Ṣé wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀? Àwọn ìbejì mi, ilé ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ń gba owó lọ́wọ́ wọn, mo mú wọn kúrò lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Láti 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ Yorùbá di iṣẹ́ kàn-ń-pá ní gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìyà ìwé, mo gbà. Ìyà èdè ìyá ẹni, mi ò gbà.

Tíṣà Agric

A ti wà lójú kan náà lónìí, sà.

Màmá Bọ́lá, Ìgbógbó

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti bàbá rẹ̀ padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Ọ̀gá ilé ìwé náà gbà wá dáadáa. Mo béèrè ìwé ọmọ tó wà nísàlẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, àmọ́ ó ní kí wọ́n mú un wá. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìṣirò yẹn. Tíṣà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "o gbàgbé láti gbé 1 sókè", ó tún ṣe àpẹẹrẹ kan fún un pẹ̀lú bírò pupa. Ara mi balẹ̀ níbẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní lẹ́sìnnì ni. Lẹ́sìnnì kan náà tí gbogbo kíláàsì jọ ń ṣe. A bẹ̀ wọ́n kí Bọ́lá máa bọ̀ nílé ní aago méjì, wọ́n ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Bàbá Ìbejì, owó ìtanràn Yorùbá wà nínú ìwé òfin wọn, ojú ewé kẹrin. Mi ò tiẹ̀ kà á dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nígbà tí wọ́n ń jáde. Àwọn SS ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo bí ọmọdé ṣe ń ṣe. Àwọn JSS1 tó wà nínú ọkọ̀ tiwa, ó kéré tán àwọn mẹ́rin ti gbórí lé fèrèsé, wọ́n ti sùn kí ọkọ̀ tó kúrò.

Bọ́lá ní òun fẹ́ yàrá ìkàwé wọn, ó ní ìwé ìtàn kún ibẹ̀ dé òkè. Ó ní òun ò fẹ́ ògiri yẹn. Ohun kan náà ló sọ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá Bọ́lá

Èmi ni bàbá ọmọ náà. Ìyàwó mi ló gbé fóònù fún mi kí n kà á. Mo kí gbogbo yín.

SS2 ni mo dúró sí nígbà tí owó tán nílé wa. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, ọwọ́ mi wà nínú ilé ìwé tó ju ẹyọ kan lọ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ rí ìdí tí mo fi fẹ́ èyí tó le. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ibi tó kàwé dé ò tó.

Nígbà tí wọ́n ń mú wa káàkiri, ojú iṣẹ́ mi ni mo fi ń wo ilé náà. Yàrá JSS1 jẹ́ mẹ́ta, ìjókòó kún inú wọn fọ́fọ́. Ti SS3 jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Mo bi ọ̀gá níbi tí àwọn yòókù wà. Ó ní àwọn kan bá òbí wọn lọ sí òkè òkun, àwọn kan lọ sí Abuja. Èèyàn tó kún yàrá méjì ò lè bá òbí lọ sí Abuja tán. Mi ò bá a jiyàn, mo kí i, a jáde.

A ò san owó náà. Ó máa ṣe ti Model College àti Common Entrance. Bí kò bá bọ́ sí i, ti Sábó tí Alhaja sọ la fẹ́ wò. Tíṣà, ṣé irú ilé ìwé líle bẹ́ẹ̀ ṣì lè gbà á ní SS1 tó bá ti dàgbà díẹ̀? Mi ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀.

Tíṣà Agric

Wọ́n lè gbà á, sà. Lẹ́yìn BECE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní JSS3, àyè máa ń ṣí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wọn, torí àwọn tí wọ́n ti yọ kúrò. Ìgbà yẹn ó ti mọ̀ bóyá Sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ tàbí Kọmáṣà tàbí Áàtì, á sì ti lè fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ. Kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò rẹ̀ má já títí dìgbà yẹn. Owó tẹ́ ẹ ò san yẹn, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ra ìwé ìtàn fún un.

Alhaja Ìta-Ẹlẹ́wà

Bàbá Bọ́lá, Màmá Bọ́lá, ẹ má wulẹ̀ dúró dìgbà èsì ìdánwò kẹ́ ẹ tó wo ti Sábó. Wẹ́sìdeè ni mo máa lọ mú ọmọ mi, aago méjì ààbọ̀. Ẹ bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kí ó tó lù, ká jọ lọ. Ẹ mú Bọ́lá dání. Wọ́n ní yàrá ìkàwé o, àmọ́ kò tó nǹkan, mi ò fẹ́ kó lọ retí ohun ńlá.

Màmá Bọ́lá, Ìgbógbó

A ó wá, Alhaja. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.